Túbú alámọ̀ pupa: kíkun ẹyọ ilẹ̀ àti ògiri fún eré orí tábìlì

Ẹyọ túbú abẹ́ ilẹ̀ 48 ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kùn: ilẹ̀ 24, ògiri 16, igun 8. P.O.P. ni gbogbo wọn, wọ́n funfun báláú. Ẹyọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 4 níbùú lóòró. Ògiri kò ga ju íńṣì kan àbọ̀ lọ, kí ọwọ́ ẹni tó jókòó lódìkejì tábìlì lè kọjá lórí rẹ̀ láìgbá nǹkan ṣubú. A kò so ẹyọ kankan mọ́ ìkejì rẹ̀. Bó bá ṣe wu olùdarí eré ni yóò tò wọ́n: lónìí kí wọ́n di ọ̀nà tóóró, lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n di gbọ̀ngàn. Ohun tó sì mú kí kíkun wọn le nìyẹn. Ẹni tó ń kun ògiri ilé mọ ògiri tó tẹ̀ lé e. Èmi kò mọ ẹyọ tí yóò jókòó ti ẹyọ tó wà lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ló ṣí ọ̀nà fún irú rẹ̀. Ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹ lè fi ẹnu lásán ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tí ìjà bá dé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yìn òpó ni mo wà." "Irọ́ ni, ẹnu ọ̀nà lo dúró sí." Ilẹ̀ àti ògiri tí gbogbo ojú ń rí ló ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Íńṣì kan lórí tábìlì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5 nínú eré, ibẹ̀ sì ni akọni kan ń dúró sí. Nítorí náà ìlà onígun mẹ́rin gbọ́dọ̀ hàn lórí ilẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ gba ojú jù.

Dídà wọn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Móòdù silicone, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tó ń fún ohun tí a dà sínú rẹ̀ ní ìrísí, ni mo fi dà wọ́n. P.O.P. kò ṣòro rí ní Òṣogbo, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe àjà ilé tuntun káàkiri. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe àjà náà ni mo ti ra èyí tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ inú ike, lẹ́yìn náà la ó wá máa bu ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìyẹ̀fun méjì sí omi kan. Bó bá ti nípọn bí ẹ̀kọ mímu, ẹ dà á, kí ẹ sì máa gbá abẹ́ tábìlì kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Yóò gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń le. Bí ooru náà bá ti lọ, ẹ lè bó móòdù kúrò. Ẹ má kùn ún lọ́jọ́ náà o. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́; bó bá ṣì tutù, omi wà nínú rẹ̀. Nínú ọyẹ́, ó máa ń yá gbẹ. Lásìkò òjò, kí onísùúrù nìkan dá a láṣà.

Ìdí tí kò fi jẹ́ àwọ̀ eérú

Bí ẹ bá wo fídíò àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà: dúdú nísàlẹ̀, àwọ̀ eérú lórí rẹ̀, eérú tó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó wá fi funfun díẹ̀ kan etí òkúta. Ó dára lójú. Òkúta ilé olódi ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń kùn, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ọ̀hún sì ṣe rí. Àmọ́ ìtàn tiwa kò ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìlú tí olùdarí wa fọkàn yà ní odi amọ̀, ó ní ọjà alẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀ ń gba owó ibodè lọ́wọ́ alájàpá, bí àwọn akọni bá sì ti ìjà dé, àmàlà ni wọ́n ń wá lọ. Báwo la ó ṣe wá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ká bá ara wa láàárín òkúta Scotland?

Mo wá lọ wo ògiri. Lẹ́yìn Ọjà Ọba, àwọn ilé àtijọ́ ṣì wà tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ wọn ti ṣí, tí amọ̀ inú wọn ń yọjú. Ẹni tó bá ní amọ̀ pupa, ọ̀rọ̀ parí, kò tíì wò ó dáadáa. Lẹ́bàá ilẹ̀, níbi tí omi ti ń fà gòkè, ó ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Láàárín, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lókè àti létí ibi tó ti hó, ó ti gbẹ, ó ti ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Irin tó ti dípẹtà nínú ilẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ yẹn, irú kan náà tó wà nínú ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà fi ń kun géètì kí wọ́n tó fi àwọ̀ mìíràn lé e. Inú mi dùn sí èyí, torí ó túmọ̀ sí pé àwọ̀ tí mo ń wá ti wà nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, mi ò ní láti pò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo dé Igbó Ọ̀ṣun náà. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́, bíi Adébísí Àkànjí, fi mọ àwọn ère àti ògiri ibẹ̀, òjò ọ̀pọ̀ ọdún sì ti ń ṣàn lé wọn lórí. Mo dúró wo ibi tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ibi tó ti ń ró sí, àti ibi tí kì í dé rárá. Mi ò ya àwòrán òrìṣà kankan sára túbú mi o, ẹ má bi mí. Ibi ìjọsìn ni igbó yẹn, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ibi ogún àgbáyé ní 2005, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun sì wà níbẹ̀ títí dòní. Bí ògiri ṣe ń gbó ni mo lọ kọ́, mo sì padà sílé.

Ike mẹ́rin

Ọ̀dà acrylic inú ìgò kéékèèké tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ yìí wọ́n, òkè òkun ló sì ti ń wá. Fún ère àwọn akọni, tí wọn kò ga ju mìlímítà 28 sí 32 lọ, mo lè san owó rẹ̀. Fún ògiri àti ilẹ̀, rárá o. Emulsion tí wọ́n fi ń kun yàrá ni mo rà: omi là ń fi là á, kì í dán, òórùn rẹ̀ kò lè lé èèyàn jáde nínú ilé, ó sì máa ń di P.O.P. mú. Ẹni tó bá ń fi fóòmù ṣe tirẹ̀ dípò P.O.P., kí ó ṣọ́ra fún ọ̀dà sípíréè, torí oògùn inú rẹ̀ ń jẹ fóòmù funfun, á sì yọ́ lójú ẹ.

Ọ̀gá akunlé kan ní Òkè-Fíà ló bá mi po àwọ̀. Wọ́n ní, "Ilé wo lo fẹ́ kùn?" Mo ní, "Túbú ni, ọ̀gá." Wọ́n gbójú sókè. "Túbú? Ìjọba ló gbé iṣẹ́ fún ọ?" Mo yọ ẹyọ kan nínú àpò, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun kan tó di òfin iṣẹ́ náà fún mi: "Gbogbo ẹ ni kó o pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó o bá tún padà wá pò, kò lè jọ èyí, ì báà jẹ́ èmi ni mo pò ó."

Ike mẹ́rin ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, pupa díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pupa amọ̀ tútù. Ẹ̀kẹta pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀kẹrin ni ti erùpẹ̀ gbígbẹ, funfun tí pupa kàn kan lára. A kun ẹyọ P.O.P. tó ti fọ́ ká tó gbà pé àwọ̀ kan ti pé, a sì dúró kí ó gbẹ. Ẹ má fi ojú tútù dájọ́ emulsion. Ohun tó so ọ̀dà pọ̀ máa ń funfun díẹ̀ nígbà tó bá tutù. Bó bá gbẹ, funfun náà á lọ, àwọ̀ á sì ṣú ju bí ẹ ṣe rí i nínú ike lọ.

Ìpìlẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ

Mo po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́ ike kìíní, mo sì fi omi là á kí ó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. P.O.P. ń fa omi gan-an. Láìsí gọ́ọ̀mù, á fa omi inú ọ̀dà mu kí búrọ́ọ̀ṣì tó kúrò lórí rẹ̀, bí èékánná bá sì ha á, àwọ̀ á bó. Gbogbo ojú ni mo kùn, títí kan etí tó máa fara ti ẹyọ mìíràn. Etí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Bó bá funfun, tàbí bó bá pọ́n, ibi tí ẹyọ méjì ti pàdé á máa yọ lójú gbogbo tábìlì. Bó bá dúdú, ojú á kà á mọ́ àwọn àlàfo tó wà láàárín òkúta, á sì gbójú kúrò níbẹ̀.

Ike kejì àti ẹ̀kẹta jẹ́ iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Ẹ ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ẹ ó nù ún sára àkísà títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan lára rẹ̀ mọ́, ẹ ó wá máa fi gbá orí òkúta fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ibi tó yọ sókè nìkan ló ń gba àwọ̀; inú àlàfo á ṣì dúdú. Mo ti dán búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi wò fún èyí, kò sí èyí tó dára tó búrọ́ọ̀ṣì àtíkè, ìyẹn èyí tó tóbi, tó rí roboto, tí àwọn obìnrin fi ń kun ojú. Ó rọ̀, kì í fa ìlà sára iṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti búrọ́ọ̀ṣì àwọn ayàwòrán. Ti àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ti ra òmíràn fún un.

Ìpele kan ni mo ń ṣe fún gbogbo ẹyọ 48 kí n tó kan ìpele kejì. Ó ń súni, mi ò ní parọ́. Ó máa ń wu èèyàn kí ó parí ẹyọ kan tán pátápátá kí ó lè rí bó ṣe máa rí. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹyọ kan, kí ẹ fi í ṣe àwòṣe. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́: bó bá rẹ̀ yín, ẹ ó máa tẹ búrọ́ọ̀ṣì jù. Bí gbogbo ẹyọ bá gba ìpele kan náà pa pọ̀, àṣejù ìpele yẹn á kárí gbogbo wọn, kò ní hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gé fóòmù ibùsùn wẹ́wẹ́, mo fi tẹ àwọ̀ sára òkúta kọ̀ọ̀kan níbi tó wù mí: òmíràn ṣú díẹ̀, òmíràn mọ́ díẹ̀. Òfin kan ló wà níbí. Òkúta tó bá yàtọ̀ jù kò gbọdọ̀ wà láàárín gbùngbùn ẹyọ. Bó bá wà láàárín, tí ẹ sì ní ẹyọ mẹ́rìnlélógún, ojú á rí àmì mẹ́rìnlélógún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èèyàn á sì mọ̀ pé móòdù kan náà ló bí gbogbo wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gbé e sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi aró

Òjìji ni ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ náà jù. Àṣà ni kí a fi dúdú tó ti là gan-an da òkúta kí ó lè ṣàn wọ àlàfo. Lórí eérú, ó dára. Lórí pupa amọ̀, dúdú ń mú kí ó rí ìdọ̀tí. Mo fi búlúù tó jinlẹ̀ kún dúdú náà. Búlúù àti pupa rẹ́súrẹ́sú dojú kọ ara wọn nínú àwọ̀, nítorí náà bí òjìji bá ṣe ń fà sí búlúù ni pupa orí òkúta á máa tàn yọ. Ní ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró, ta ni yóò bá mi jiyàn?

Omi púpọ̀, ọ̀dà díẹ̀, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ọṣẹ náà kì í jẹ́ kí omi kó ara rẹ̀ jọ sórí òkúta. Ó ń mú kí ó sáré wọ àlàfo. Ọyẹ́ ní ìyọnu tirẹ̀ níbí: etí omi á gbẹ kí àárín tó gbẹ, á sì fi òrùka sílẹ̀ lórí òkúta. Mo kọ́kọ́ ń fọ́n omi lásán sórí ẹyọ, pẹ̀lú irú ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sírun, lẹ́yìn náà ni mo ń da omi aró sí i, tí mo sì ń fi fóòmù nu orí òkúta.

Ìyá aláró kan ń gbé ní àdúgbò wa. Wọ́n rí abọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ náà ti ń re aró?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ wa, Mà." Wọ́n tẹ̀ wò ó, wọ́n ní ó ki jù. "A kì í fi ẹ̀ẹ̀kan kó aró sí aṣọ. À ń rì í bọ̀ ọ́, à ń yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a tún ń rì í bọ̀ ọ́." Mo fi omi kún un, mo sì dà á léraléra dípò ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó fúyẹ́ tó sì ń lé ara rẹ̀ lórí dára ju èyí tó ki lọ. Kì í bo iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀.

Bó ti gbẹ, ike kẹrin kan etí òkúta fẹ́rẹ́, ó tán.

Kí ẹyọ kankan má pariwo

Ìdánwò tí mo fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti pé rọrùn. Mo tò gbogbo wọn sórí tábìlì láìyàn, mo dúró lókèèrè níbi tí ẹni tó ń ṣeré máa jókòó sí, mo sì ń wá ẹyọ tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Mo tú wọn ká, mo tún wọn tò. Bó bá tún jẹ́ ẹyọ yẹn ni mo rí, ó ń pariwo. Omi aró díẹ̀ ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ó ṣú jù, ike kẹta.

Nítorí ìdánwò yìí, àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ṣe bó tilẹ̀ dára lójú. Mi ò kun òjìji sí apá kan òkúta, torí ẹyọ lè yí sí ibikíbi, òòrùn méjì kò sì lè ràn nínú túbú kan. Mi ò kun ìmọ́lẹ̀ iná pupa yí ògùṣọ̀ ká: kí ni ká ṣe bí olùdarí bá ní atẹ́gùn ti pa iná? Èéfín nìkan ni mo fi sókè ibi tí ògùṣọ̀ wà, torí èéfín ń wà lára ògiri yálà iná ń jó tàbí ó ti kú.

Mi ò sì fi àwọ̀ ewé sí gbogbo igun. Èyí jẹ́ ìjà tí mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà. Ohun tó ń hù lára ògiri ilé wa lásìkò òjò ń rí omi, ó sì ń rí ìmọ́lẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni túbú wà. Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń rí? Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fún ní àwọ̀ ewé, ẹyọ tó ní kànga tó ṣí sókè, níbi tí ojúmọ́ ń gbà wọlé. Fún àwọn yòókù, ọ̀rinrin tó ń fà gòkè láti ilẹ̀ ni mo fi hàn, ṣíṣú lẹ́bàá ẹsẹ̀ ògiri, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lẹ́yìn Ọjà Ọba.

Iná

Alẹ́ la máa ń ṣeré, bí iná ìjọba bá sì lọ, gílóòbù tí wọ́n ń ṣájì là ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fà sí búlúù. Lọ́sàn-án, lẹ́bàá fèrèsé, àwọn ẹyọ náà pọ́n, wọ́n gbóná lójú. Lábẹ́ gílóòbù yẹn, pupa wọn fà sẹ́yìn, omi aró sì gba gbogbo iwájú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi yẹ́lò díẹ̀ kún èyí tó kù nínú ike kẹta, mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gba orí gbogbo wọn, ẹyọ 48 lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sàn-án, ó lè jọ pé ó mọ́ jù. A kì í ṣeré lọ́sàn-án.

Varnish tí kì í dán ni mo fi parí rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, mi ò fọ́n ọn. Nínú ọyẹ́, ẹ lè fọ́n ọn kó dára. Bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, èyí tí a fọ́n lè dì sójú iṣẹ́, á funfun kùrukùru, kò sì sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ọ́. Etí omi kànga nìkan ló gba èyí tó ń dán.

Ìtọ́jú

P.O.P. wúwo, igun rẹ̀ sì máa ń ṣán. Mo fi àkísà la àárín wọn nínú páálí, ògiri ní ìdúró, ilẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Ìyókù ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ìgò tó dé pinpin, mo kọ nọ́ńbà sí ìdérí wọn, kí n lè máa fi tún ibi tó bá ṣán ṣe. Igun ẹyọ kan ti ṣán ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ lò wọ́n, nígbà tí ẹnì kan tó ti bínú tẹ́lẹ̀ ju dáìsì. Funfun inú rẹ̀ yọ lójú láti òdìkejì yàrá.

Nítorí náà, ìlẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn tí mo máa dà tẹ̀ lé e, àwọ̀ á ti wà nínú P.O.P. kí ó tó dì. Oxide pupa, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa nínú àwọn ilé àtijọ́, ni màá pò mọ́ ìyẹ̀fun kí n tó bù ú sómi. Bí igun bá ṣán, amọ̀ pupa ló máa hàn, mi ò sì ní máa gbé búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn gbogbo eré. Mo ti ra oxide náà. Gbígbẹ tí ojú ọjọ́ máa jẹ́ kó gbẹ ló kù.